Ṣé Abẹ́rẹ́ Oníná Kì í Mú Àgbàlagbà Ni?

Ìbéèrè kìíní, láti Thamesmead, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Abẹ́rẹ́. Ẹni ọdún 38 ni mí. Lóṣù kejì ọdún yìí mo gbé àpò ìrẹsì kan, ẹ̀yìn mi sì há. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ méjì tí kò lọ, mo lọ gba abẹ́rẹ́ oníná (electroacupuncture, abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún síni lára tí wọ́n sì ń ta iná díẹ̀ sí) lọ́dọ̀ oníṣègùn kan nítòsí ilé wa. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo lọ, ẹ̀yìn mi sì sàn. Inú mi dùn débi pé nígbà tí màmá mi dé láti Iléṣà, ibẹ̀ náà ni mo mú wọn lọ. Ẹni ọdún 72 ni wọ́n, orúnkún méjèèjì sì ti ń dùn wọ́n láti ọdún mọ́kànlá. Wọ́n ti lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n ní lálẹ́ ọjọ́ tí àwọn bá gbà á, ara a tu àwọn, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ìrora ti padà. Wọ́n wá ní àwọn ò lọ mọ́. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, nǹkan ọmọdé nìyẹn. Ara tèmi ti gbó." £45 la ń san lẹ́ẹ̀kan, èmi náà sì ti ń rò ó. Ṣé lóòótọ́ ni pé abẹ́rẹ́ yìí kì í mú àgbà bó ṣe ń mú ọ̀dọ́?

Ìdáhùn

Ẹ bá mi kí Màmá dáadáa. Ẹ ní mo ní ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ìfaradà.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ yẹn kò ṣàjèjì létí mi. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́ fisiotẹ́rápì, ó sì ti pé ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń ṣe é ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù níbí. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá Yorùbá, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá Jàmáíkà, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá Gẹ̀ẹ́sì: "Ara mi ti gbó." Ohun tó máa ń dùn mí ni pé bí wọ́n bá ti sọ ọ́ tán, wọ́n á jókòó ti ìrora wọn bí ẹni pé ogún ìdílé ni, wọn ò ní béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dá yín lóhùn.

Ọjọ́ orí lọ́wọ́ sí i, mi ò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n kí a tó kan ọjọ́ orí Màmá, ẹ wo ọjọ́ orí ìrora wọn. Ẹ̀yìn tiyín kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ nígbà tí ẹ lọ gba abẹ́rẹ́. Irú ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀, tó jẹ́ pé ẹrù ló há a, ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń rọlẹ̀ fúnra wọn láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bí ènìyàn bá ṣáà ń rìn tí kò ká ara rẹ̀ mọ́ orí ibùsùn. Ó lè jẹ́ pé abẹ́rẹ́ mú un yá, ṣùgbọ́n a ò lè kó gbogbo ọpẹ́ fún un. Orúnkún Màmá ńkọ́? Ọdún mọ́kànlá! Ìrora tó bá bá ènìyàn gbé tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àlejò mọ́, ó ti di onílé. Iṣan tó ń gbé ìròyìn rẹ̀ lọ sí ọpọlọ ti mọ ọ̀nà náà mọ́jú, débi pé ohun tí kò tó nǹkan, bí òtútù àárọ̀ tàbí àtẹ̀gùn ẹyọ kan, á di ariwo ńlá kó tó dé òkè. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ti ń gbé orúnkún yẹn kiri láti ìgbà tí ẹ ti wà lẹ́ni ọdún 27, ẹ̀ẹ̀mejì kò ní tó ẹ̀yin náà.

Ó yá, ọ̀rọ̀ àgbà fúnra rẹ̀. Mo ní láti kọ́kọ́ sọ bí abẹ́rẹ́ náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kò sí oògùn kankan nínú rẹ̀. Wọ́n á gún un sí ẹ̀gbẹ́ orúnkún àti sí ojúgun nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n á fi kílíìpù so wáyà mọ́ wọn ní méjì-méjì, ẹ̀rọ kékeré tó ń lo bátìrì á sì máa ta iná díẹ̀díẹ̀ láti orí ọ̀kan sí èkejì. Ní 1965, Ọ̀jọ̀gbọ́n Han Jisheng bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ní Beijing. Ó gún àwọn tí ara wọn dá ṣáṣá, ó sì rí i pé agbára wọn láti fara da ìrora kì í ṣàdédé ga. Ńṣe ló ń gòkè díẹ̀díẹ̀ títí di nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, bí wọ́n bá sì yọ abẹ́rẹ́, díẹ̀díẹ̀ náà ló ń wálẹ̀. Ó ronú pé bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀ yìí, ó ní láti jẹ́ pé ara ló ń tú nǹkan kan jáde. Wọ́n fa omi tó yí ọpọlọ ehoro tí wọ́n ti gún ká, wọ́n dà á sí ọpọlọ ehoro mìíràn tí wọn kò gún rárá, ehoro kejì náà sì fara da ìrora ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ mìíràn rí i pé naloxone, oògùn tí wọ́n fi ń jí ẹni tí morphine tàbí heroin bá fẹ́ pa, máa ń sọ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ dòfo. Ara wa ní oògùn ìrora tirẹ̀, ìbátan morphine, abẹ́rẹ́ ló ń pè é jáde. Iná tó bá ń ta lẹ́ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí à ń pè ní 2 Hz, endorphin àti enkephalin, méjì nínú oògùn inú ara wọ̀nyí, ló ń pè. Èyí tó ń ta nígbà ọgọ́rùn-ún, 100 Hz, dynorphin inú ọ̀pá-ẹ̀yìn, òmíràn nínú wọn, ló ń pè jù lọ. Ọ̀pọ̀ wa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí la máa ń jẹ́ kí ẹ̀rọ pààrọ̀ méjèèjì síra wọn.

Ọpọlọ tún ní bíréèkì tó fi ń dá ìrora dúró láti òkè wá sísàlẹ̀. Bí ènìyàn bá ń dàgbà, bíréèkì yẹn kì í mú bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Èyí ni òótọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ Màmá. Àgbàlagbà lè má tètè mọ̀ pé nǹkan ti ń ta òun tàbí pé nǹkan ti ń gbóná mọ́ òun, ṣùgbọ́n bí ìrora bá ti gbéra, dídá a dúró á wá le. Ẹ bi Màmá léèrè nípa kànga nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Omi kò tán nínú rẹ̀, ó kàn ti lọ sí ìsàlẹ̀ ni. Ẹni tó bá ju dòrò sí i pẹ̀lú okùn ìgbà òjò, tó fà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí dòrò sì ṣófo, á ní kànga ti gbẹ. Okùn ni kò gùn tó.

Ìwádìí méjì wà tí mo máa ń fi méjèèjì sọ́kàn nítorí pé ó dà bí ẹni pé wọ́n ta kora. Ọdún kan náà ni wọ́n jáde, 2015. Ti TENS ni wọ́n, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n ń lẹ rọ́bà rẹ̀ mọ́ awọ ara láìgún abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kan náà ni òun àti abẹ́rẹ́ oníná ń kàn. Ní Kánádà, wọ́n dá ìrora sí ara ọ̀dọ́ àti àgbàlagbà tí kò ṣàìsàn, wọ́n wá tan ẹ̀rọ náà. Ó dín ìrora kù fún àwọn ọ̀dọ́, àwọn àgbà kò sì rí ìtura kan. Bí ìwádìí ibẹ̀ nìkan bá ni ẹ gbọ́, ẹ ó ní ọ̀rọ̀ Màmá ti jóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní Florida, àwọn tí ẹ̀yìn ń dùn gan-an nínú ilé ayé wọn ni wọ́n lò, àti ọ̀dọ́ àti ẹni tó wà láàárín àti àgbà. Ìtura tí wọ́n rí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Ohun tó yàtọ̀ ni pé iná tí àwọn àgbà nílò pọ̀ ju tàwọn ọ̀dọ́ lọ. Èmi gbà pé ìwádìí kejì yìí ló sún mọ́ Màmá, nítorí ìrora tó ti ń gbé lára ènìyàn kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tí ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ nínú yàrá ìwádìí.

Ní ti abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀, àwọn onímọ̀ kan kó àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn 20,827 jọ, gbogbo wọn ló ní ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́ ní orúnkún, ẹ̀yìn, ọrùn, èjìká tàbí orí. Ní 2019 wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n wá irú ẹni tí abẹ́rẹ́ ń ṣiṣẹ́ fún jù lọ. Ọjọ́ orí kò yàn ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀, jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin kò yàn wọ́n. Bí ìrora bá ṣe le tó níbẹ̀rẹ̀ ló ṣe pàtàkì: àwọn tí tiwọn le jù ló jèrè jù. Nígbà tí mo ka èyí, mo rántí gbogbo àwọn ìyá àgbà tí mo ti fẹ́ fi ojú fo nítorí pé mo rò pé tiwọn ti kọjá.

Orúnkún gan-an ńkọ́? Ní Ṣáínà, wọ́n wádìí àwọn 480 tí orúnkún wọn ti ń jẹ bíi ti Màmá, ẹni ọdún 45 sí 75, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2021. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń gbà á, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ẹ ṣírò rẹ̀: ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlélógún. Nínú ọgọ́rùn-ún tó gba abẹ́rẹ́ oníná, bí 60 ló rí ìtura tó ní láárí. Nínú àwọn tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ tí kò wọlé dáadáa tàn, bí 47 náà sọ pé ara tu àwọn. Mo fẹ́ kí ẹ rí nọ́ńbà méjèèjì. Abẹ́rẹ́ oníná borí, ṣùgbọ́n kò borí pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ibùsọ̀. Ìtọ́jú, ìfọwọ́kàn, ìsinmi, kí ẹnìkan jókòó tì yín kó béèrè bí ara yín ṣe ń ṣe, gbogbo ìyẹn náà ló ń ṣiṣẹ́. NICE, àjọ tó ń sọ ìtọ́jú tó yẹ kí àwọn dókítà ìjọba lò nílùú yìí, sọ ní 2022 pé kí wọ́n má fún ènìyàn ní abẹ́rẹ́ fún eegun orúnkún tó ń jẹ. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń san £45. Mi ò bínú sí wọn. Eré ìdárayá ni wọ́n fi síwájú, òótọ́ sì ni wọ́n sọ nípa ìyẹn.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ wọn gba ibòmíràn. Láti 2020 ni Medicare, ètò ìlera àwọn àgbà wọn, ti ń sanwó abẹ́rẹ́ fún ẹ̀yìn tó ti ń dunni fún ìgbà pípẹ́: ẹ̀ẹ̀méjìlá láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ sí i bí ó bá ń ṣiṣẹ́. Èsì ìwádìí wọn tó jáde ní 2025 lo 800 ènìyàn, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tí kò tíì pé ọdún 65. Àwọn tó gba abẹ́rẹ́ ń ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́ wọn dáadáa ju àwọn tó gba ìtọ́jú lásán lọ, títí di ọdún kan. Ẹ̀yìn ni tiwọn, kì í ṣe orúnkún, abẹ́rẹ́ náà kì í sì í ṣe oníná dandan. Ṣùgbọ́n ẹni bá ní ara àgbà kì í gbọ́ tirẹ̀, kó wá sọ fún àwọn 800 yẹn.

Ohun tí màá ṣe bó bá jẹ́ èmi ni mò ń tọ́jú Màmá nìyí. Mi ò ní pa á tì lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Màá bá yín ṣe àdéhùn ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ bí owó bá gbà á, bí kò bá sí ìyàtọ̀ kankan lẹ́yìn ìkẹjọ, èmi fúnra mi ni màá ní ẹ má mú owó wá mọ́. Ìtura alẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n ń rí yẹn, èmi ò kà á sí ìjákulẹ̀. Ó fi hàn pé dòrò ti kan omi. Láàárín ìtura alẹ́ yẹn, màá ní kí wọ́n ṣe eré ìdárayá: kí wọ́n jókòó sórí àga, kí wọ́n na ẹsẹ̀ kan tààrà, kí wọ́n kà á dé márùn-ún, kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, kí wọ́n mú èkejì. Ẹran itan ló ń gbé orúnkún. Abẹ́rẹ́ kò lè dá kèrékèré inú orúnkún tó ti jẹ padà. Ohun tó lè ṣe ni pé kó dín ariwo náà kù kí ẹsẹ̀ lè ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ tó bá sì ń ṣiṣẹ́ ni orúnkún rẹ̀ máa ń dẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ tún bi oníṣègùn yẹn bóyá bó ṣe tọ́jú yín náà ló ń tọ́jú Màmá. Mo béèrè nítorí ohun tí mo ṣe nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìyá Jàmáíkà kan, ẹni ọdún 81, ni wọ́n gbé wá sọ́dọ̀ mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ́jú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù ni, mi ò yí nǹkan kan padà: abẹ́rẹ́ mẹ́wàá, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lórí ìjókòó. Nígbà tí ìyá náà dìde, òòyì kọ́ wọn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má tètè gbá wọn mú. Ọmọ wọn pè mí lọ́jọ́ kejì pé wọ́n sùn láti ìrọ̀lẹ́ dé ọ̀sán ọjọ́ kejì, àwọn sì ti ń bẹ̀rù. Oorun mi ò dá lóru ọjọ́ náà. Nígbà tí wọ́n padà wá (Ọlọ́run ló bá mi ṣe é tí wọ́n fi padà wá), mo ní kí wọ́n dùbúlẹ̀, mo lo abẹ́rẹ́ mẹ́rin, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo sì jẹ́ kí wọ́n jókòó díẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì kí wọ́n tó fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Ìgbà kẹfà ni wọ́n fa kẹ̀kẹ́ ọjà wọn wá fúnra wọn láìjẹ́ pé ọmọ tẹ̀ lé wọn. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò gún àgbàlagbà kankan lórí ìjókòó mọ́, mo sì máa ń béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n ti jẹun kí wọ́n tó kúrò nílé.

Ohun kan ṣì kù, ó sì ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bí oníṣègùn bá bi àwọn ìyá wa pé "Láti òdo dé mẹ́wàá, mélòó ni ìrora yín?", wọ́n á ní "Ọlọ́run ló mọ̀", tàbí wọ́n á ní "ó sàn díẹ̀" nítorí pé wọn ò fẹ́ já ẹni tó ń tọ́jú wọn kulẹ̀. Ẹ má fi nọ́ńbà dá wọn lágara. Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ máa kọ ọ́ síbẹ̀: àtẹ̀gùn mélòó ni wọ́n gùn láìdi irin mú? Ṣé wọ́n lè kúnlẹ̀ gbàdúrà, ṣé wọ́n sì lè dìde láìpe ẹnikẹ́ni? Ẹ̀ẹ̀melòó ni orúnkún jí wọn lóru? Bí wọ́n bá ń ro ọkà, ṣé wọ́n dúró parí rẹ̀ àbí wọ́n lọ jókòó lágbedeméjì? Ibi tí ìyàtọ̀ ti máa ń kọ́kọ́ yọ nìyẹn, ó sì lè ti yọ nílé yín láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i.

Ìbéèrè kejì, láti Manchester

Màmá Abẹ́rẹ́, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni mí tẹ́lẹ̀, mo ti fẹ̀yìn tì, mo sì ti pé ọdún 68. Èjìká òsì mi kì í jẹ́ kí n sùn. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì gba abẹ́rẹ́ oníná, tirẹ̀ sì lọ. Wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń mú ọkàn lù sí mi láyà ní 2021, mo sì ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Ṣé ọjọ́ orí mi kò ní dí i lọ́wọ́?

Ìdáhùn

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ewu ẹ̀rọ yẹn. Ọjọ́ orí yín kò ní nǹkan ṣe nínú èyí. Ẹ̀rọ tó wà láyà yín ni mò ń wò, òun ló sì mú kí n sọ pé rárá. Iná tí abẹ́rẹ́ ń ta, bó tilẹ̀ kéré, ó lè tan ẹ̀rọ náà jẹ kó rò pé ọkàn ló lù, kó wá dákẹ́ nígbà tó yẹ kó ṣiṣẹ́. Èjìká òsì sì rèé, ìdí ẹ̀rọ gan-an nìyẹn fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé iná díẹ̀ kò lè ṣe nǹkan, ẹ dìde níbẹ̀.

Abẹ́rẹ́ lásán, tí kò ní wáyà, ìyẹn ṣì ṣeé sọ. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ sọ fún dókítà ọkàn yín, ẹ sì mú ìwé tí wọ́n ń kọ èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ warfarin yín sí dání lọ fi han ẹni tó fẹ́ gún yín. Bí ẹ̀jẹ̀ yín bá ti fúyẹ́ kọjá ibi tí dókítà fẹ́ ẹ sí, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ mìíràn. Ojú ibi tí wọ́n bá gún, kí wọ́n fi òwú tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ́ ju ti ẹlòmíràn lọ. Ẹni tó fẹ́ gún yín nítòsí èjìká àti àyà gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó mọ ibi tí ẹ̀dọ̀fóró wà, nítorí abẹ́rẹ́ tó bá wọlé jù níbẹ̀ lè lu ẹ̀dọ̀fóró. Abẹ́rẹ́ tuntun inú ọ̀rá ni kí wọ́n já lójú yín.

Àwọn mìíràn tó ń ka èyí: bí ẹ bá lóyún, bí ẹ bá ní wárápá, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ. Bí àtọ̀gbẹ bá ti jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín kú tí ẹ ò mọ ìgbà tí nǹkan bá ta á, ẹ sọ ìyẹn náà. Ẹni tí kò mọ iná lára kò lè sọ pé ó ti tó.

Ọ̀gá, èjìká tí kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn ní orúkọ púpọ̀. Ẹ ní kí fisiotẹ́rápì wò ó ná kí ẹ tó lọ gba ohunkóhun. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ni ìrora náà ń wá bí ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn, tó sì ń bá yín lọ dé ọwọ́ tàbí àgbọ̀n, ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìbéèrè kẹta, láti Ìbàdàn

Ẹ káàárọ̀ mà. Bàbá mi jẹ́ ẹni ọdún 81, ẹ̀yìn wọn ń ro wọ́n. Ẹnìkan ní àdúgbò wa ní ẹ̀rọ abẹ́rẹ́ oníná. Ó ní òun kà á pé àgbàlagbà nílò iná tó pọ̀, ó sì ń yí i sókè títí ẹran ẹ̀yìn Bàbá fi ń fò. Bàbá ò sọ nǹkan kan níbẹ̀. Ìgbà tí a délé ni wọ́n sọ fún mi pé ńṣe ni àwọn ń ka Sáàmù nínú kó lè tètè tán. Wọ́n ní àwọn ò padà síbẹ̀ láyé. Tramadol ni wọ́n tún wá ń lò báyìí. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn

Ọmọ mi, ẹ̀dùn ọkàn ni lẹ́tà rẹ jẹ́ fún mi. Ẹni yẹn ka òótọ́, ó sì lò ó òdì. Lóòótọ́, nọ́ńbà tó máa wà lójú ẹ̀rọ fún àgbà sábà máa ń ju ti ọ̀dọ́ lọ. Awọ àgbà gbẹ, iṣan rẹ̀ kì í sì í tètè gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ara máa mọ̀ kò gbọ́dọ̀ yàtọ̀: kó máa lù tìì-tìì, kó máa ṣe ara wúyẹ́wúyẹ́, kí ẹran máa mì díẹ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ènìyàn lè sùn lọ lórí rẹ̀. Ibi tí ènìyàn bá ti ń ka Sáàmù kó lè tètè tán, a ti kọjá ìtọ́jú. Ìrora tuntun lórí ìrora àtijọ́ ni, ara tó bá sì ń bẹ̀rù kì í tú ìtura sílẹ̀.

Nípa tramadol, mo fẹ́ kí o bá dókítà tó kọ ọ́ fún wọn sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ pé kò sí dókítà kankan tó kọ ọ́, kí o mú wọn lọ rí ọ̀kan lọ́sẹ̀ yìí. Lára ẹni ọdún 81, ó lè fa òòyì, ìṣubú àti kí ìgbẹ́ há mọ́ni nínú. Má ṣe jẹ́ kí wọ́n dá a dúró lójijì bí ó bá ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lò ó. Ìbátan morphine ni tramadol, ilẹ̀kùn tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń kàn náà ni abẹ́rẹ́ oníná ń kàn. Nínú àwọn eku tí ara wọn ti mọ́ morphine, Han àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rí i pé abẹ́rẹ́ oníná kì í mú wọn tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ń gbé oògùn yẹn mì lójoojúmọ́ lè rò pé ọjọ́ ogbó ló ń bá abẹ́rẹ́ òun jà, tó sì jẹ́ pé oògùn ni.

Bí Bàbá bá gbà láti tún gbìyànjú rẹ̀, lọ sí ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀ka fisiotẹ́rápì, kí o sì béèrè bóyá ẹni tó kọ́ṣẹ́ abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀. Kó tan iná láti òdo, kó máa yí i díẹ̀díẹ̀, kí Bàbá sì ni ẹni tó máa sọ pé "ó tó". Kó kọ nọ́ńbà yẹn sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ìsàlẹ̀ nọ́ńbà yẹn ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tó le jù nínú rẹ̀ ni pé àwọn bàbá wa kì í sọ níwájú àlejò pé nǹkan ń dùn wọ́n. Ojú ń tì wọ́n, wọ́n sì gbà pé ìfaradà ni ọkùnrin. Ẹ bá ara yín ṣe àdéhùn kí ẹ tó kúrò nílé: bó bá le jù, kí wọ́n gbé ìka kan sókè, wọn ò ní láti sọ̀rọ̀. Kí ìwọ náà bá wọn wọlé, kí o jókòó síbi tí o ti lè rí ọwọ́ wọn.